Eré Di Èrè: Ta Ni Ó Ni Owó Náà?



Nínú èdè wa, eré àti èrè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà; àmì ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, nínú ìwà, ọ̀nà wọn jìn sí ara wọn. Ẹni tí ń ṣeré kò retí owó, ẹni tí ó sì ń wá èrè kì í pe iṣẹ́ rẹ̀ ní eré. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó ti da méjèèjì pọ̀ fún ohun tí ó lé ní 70 ọdún, tí àwọn adájọ́, àwọn ọ̀gá yunifásítì àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn sì ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ títí di òní. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: bí ọmọ ilé ìwé bá ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé rẹ̀ láìgba owó ọ̀yà, tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sì ń san owó ńláńlá kí wọ́n lè fi eré náà han gbogbo ayé, ta ni ó ni owó yẹn?

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ni ó kan àwa nínú ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ó kàn wá, nítorí pé ọmọ wa wà níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ń múra láti lọ.

Ní ọdún 1980, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a bí sí Èkó ní ọdún 1963, ọmọ Yorùbá, ọmọ Mùsùlùmí, gbéra lọ sí University of Houston ní ìpínlẹ̀ Texas. Hakeem Ọlájùwọ́n ni. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù ni ó ti ń gbá tẹ́lẹ̀. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n rárá. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1982, 1983 àti 1984, ẹgbẹ́ Houston wà lára àwọn mẹ́rin tí ó kù nínú ìdíje gbogbo yunifásítì ilẹ̀ náà. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n dé àṣekágbá, ní 1983 àti 1984, bí wọn kò tilẹ̀ gba ife. Láti ọdún 1982 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS ti ń sanwó láti fi ìdíje yìí hàn. Kí ni ó kan Hakeem níbẹ̀? Owó ilé ìwé, oúnjẹ, ibùsùn àti ìwé kíkà. Òfin NCAA, ìyẹn àjọ tí ń ṣe àkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì, kò gbà kí ọmọ ilé ìwé gba owó lórí bọ́ọ̀lù gbígbá.

Nígbà tí ó di oṣù kẹfà ọdún 1984, ẹgbẹ́ Houston Rockets, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù fún owó, mú un ṣáájú gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ ni ó ti ń gba owó gidi. Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ kí á wò ó. Ìlú kan náà ni, bọ́ọ̀lù kan náà ni, ọmọkùnrin kan náà ni. Ní oṣù kẹrin, oúnjẹ àti ibùsùn ni ó ń gbà. Kí ọdún ó tó parí, ó ti di ẹni tí ń gba owó ọ̀yà. Kí ni ó yí padà? Bí a bá lè dáhùn ìbéèrè kékeré yìí, a ó ti rí ojú ọ̀nà sí èyí tí ó tóbi.

Kí á tó dájọ́, ó yẹ kí á mọ bí ọjà náà ṣe ń lọ. Ọdún 1906 ni wọ́n dá NCAA sílẹ̀. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé, ẹ̀rù bà wọ́n pé bí àwọn ènìyàn bá ń jókòó sílé wo eré, wọn kò ní sanwó wọ pápá mọ́. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, NCAA gba gbogbo ọ̀rọ̀ náà sọ́wọ́: òun nìkan ni ó ń ta ẹ̀tọ́ láti fi bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì hàn, òun ni ó sì ń fi iye ìgbà tí ilé ìwé kan lè jáde lórí tẹlifíṣọ̀n sí òdiwọ̀n. Ìyẹn ni bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré. Ní ọdún 1981, University of Oklahoma àti University of Georgia gbé NCAA lọ sí ilé ẹjọ́. Ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1984, oṣù kan náà tí Hakeem kúrò ní ipò akẹ́kọ̀ọ́, ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé ohun tí NCAA ń ṣe lòdì sí òfin ọjà. Adájọ́ 7 fọwọ́ sí i, 2 kọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó kọ̀ ni Byron White, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti gbá bọ́ọ̀lù rí ní University of Colorado. Ohun tí ó ń sọ ni pé ètò náà ń dáàbò bo ohun tí kì í ṣe owó, ìyẹn ni pé kí eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má baà di òwò pátápátá.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ sí ta ọjà ara wọn. Ọ̀pọ̀ jùlọ kò dá tà á. Wọ́n ń tà á ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́. Kọ́ńfáránsì ni wọ́n ń pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀: àwọn yunifásítì bíi 10 tàbí 12, tí wọ́n jọ ń figagbága lọ́dọọdún, tí wọ́n sì jọ ń pín owó. Ní àtètèkọ́ṣe, àdúgbò ni ó so wọ́n pọ̀. Ilé ìwé tí bọ́ọ̀sì lè gbé akẹ́kọ̀ọ́ dé láàárọ̀, kí ó gbé wọn padà lálẹ́, ni ilé ìwé ń bá ṣeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí tẹlifíṣọ̀n di olówó ìdí ọ̀rọ̀, àdúgbò kò ní agbára mọ́.

Houston tí a ń sọ yìí ni àpẹẹrẹ àkọ́kọ́. Southwest Conference ni ó wà, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1914, tí àwọn ilé ìwé Texas pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ọdún 1990, University of Arkansas pinnu láti fi í sílẹ̀ lọ sí SEC. Lẹ́yìn náà, mẹ́rin nínú àwọn tí ó kù lọ darapọ̀ mọ́ àwọn mìíràn láti dá Big 12 sílẹ̀. Nígbà tí ó di 1996, ẹgbẹ́ tí ó ti lé ní 80 ọdún ti tú ká, wọ́n sì fi Houston, Rice, SMU àti TCU sílẹ̀ sẹ́yìn. Ilé ìwé tí Hakeem sọ di olókìkí dúró di ọdún 2023 kí Big 12 tó ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn kọ́ńfáránsì rò ó pé, kí ni ó dé tí àwọn kò ní ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tiwọn? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, Big Ten àti ilé iṣẹ́ Fox bẹ̀rẹ̀ Big Ten Network. ESPN bá SEC bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2014, ó sì bá ACC bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2019. Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé bí owó ṣe ń wọlé níbẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìdílé a máa san owó oṣooṣù fún tẹlifíṣọ̀n oníwáyà. Nínú owó yẹn, díẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ ìkànnì kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú àkójọ náà, ìbáà jẹ́ pé onílé ń wò ó, ìbáà jẹ́ pé kò mọ̀ pé ó wà. Bí owó àdájọ agboolé ni: ẹni tí kò lọ sí òde náà dá a. Nítorí náà, kì í ṣe iye àwọn tí wọ́n fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ni ó ṣe pàtàkì jù, bí kò ṣe iye ilé tí wáyà dé. Nígbà tí Big Ten, tí ilé rẹ̀ wà ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gba Rutgers àti Maryland wọlé ní ọdún 2014, ohun tí gbogbo ènìyàn rí ni pé Rutgers wà nítòsí New York, Maryland sì wà nítòsí Washington, ilé sì pọ̀ ní ìlú méjèèjì.

Owó náà kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 2016, CBS àti Turner ṣe àfikún àdéhùn lórí ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti NCAA títí di 2032, bílíọ̀nù 8.8 dọ́là ni, fún ọdún 8. Ní ọdún 2022, Big Ten bá Fox, CBS àti NBC ṣe àdéhùn ọdún 7 tí iye rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 7 dọ́là.

Ibi tí owó bá ti pọ̀ tó báyìí, ọ̀rẹ́ a máa di ẹrù. Ẹ wo Pac-12, ẹgbẹ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti ọdún 1915 ní etí òkun Pàsífíìkì. Ní ọdún 2012, wọ́n bẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣọ̀n tiwọn láìmú alábàáṣiṣẹ́ kankan, kí èrè rẹ̀ lè jẹ́ tiwọn nìkan. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n DirecTV, tí ó ní oníbàárà púpọ̀, kò gbé e, owó tí wọ́n retí kò sì wọlé. Ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 2022, USC àti UCLA kéde pé àwọn ń lọ sí Big Ten. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn 8 mìíràn tẹ̀lé wọn jáde. Nígbà tí ó di 2024, tẹlifíṣọ̀n náà kógbá wọlé, ilé ìwé 2 péré, Oregon State àti Washington State, ni ó sì ṣẹ́kù sínú ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ 12. Stanford àti California tí wọ́n wà létí òkun Pàsífíìkì di ọmọ ẹgbẹ́ ACC, ẹgbẹ́ tí orúkọ òkun Àtìláńtíìkì wà lára rẹ̀.

Ó tó àkókò wàyí kí á gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀. Kí á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹjọ́ àwọn yunifásítì, nítorí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọ́n ní àwọn ni àwọn kọ́ pápá, àwọn ni àwọn ní orúkọ tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ wo eré. Wọ́n ní owó bọ́ọ̀lù ni àwọn fi ń bọ́ àwọn eré tí kò mú owó wọlé, bí ìlúwẹ̀ẹ́, eré sísá, àti ọ̀pọ̀ eré àwọn obìnrin. Wọ́n sì ní ẹ̀kọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà wọ́n gógó, nítorí náà ẹni tí a fún lọ́fẹ̀ẹ́ ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Àwa náà mọ irú àdéhùn yìí nílé. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ a máa ran aṣọ fún ọdún mélòó kan, ọ̀gá a sì máa gba owó aṣọ náà. A kì í pe ọ̀gá ní olè. Kí ni ó dé? Nítorí pé ọ̀gá jẹ ọmọ náà ní gbèsè: ó jẹ ẹ́ ní iṣẹ́. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọ náà yóò gba ìyọ̀ǹda, tí yóò sì fi ohun tí ó kọ́ jẹun títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá ń rán ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ sí oko, sí ọjà àti sí odò títí tí kò fi ráyè kọ́ abẹ́rẹ́, tí ó sì wá sọ pé iṣẹ́ tí òun kọ́ ọ ni owó ọ̀yà rẹ̀, gbogbo agboolé ni yóò dá a lẹ́bi. Ó ti san owó, ó sì ti gbà á padà láti ẹ̀yìn.

Níbi yìí ni a rò pé kókó ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí àwọn yunifásítì sọ fún 70 ọdún ni pé ẹ̀kọ́ ni owó ọ̀yà àwọn ọmọ náà. Bí ẹ̀kọ́ bá jẹ́ owó ọ̀yà, ohunkóhun tí ó bá ń jẹ ẹ̀kọ́ náà ń jẹ owó ọ̀yà. Tẹlifíṣọ̀n nílò eré ní alẹ́ àárín ọ̀sẹ̀, wọ́n gbà. Tẹlifíṣọ̀n fẹ́ ẹgbẹ́ tí ó tàn láti òkun dé òkun; wọ́n gbà. Ọmọbìnrin tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní Stanford, tí eré tirẹ̀ kò mú owó wọlé, wá ń wọ bàálù kọjá gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti lọ bá ilé ìwé etí òkun kejì figagbága, ó sì ń padà wá bá kíláàsì tí kò dúró dè é. Àdéhùn tí wọ́n ní ó ń bọ́ irú eré tirẹ̀ ni ó ń gba àkókò ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Hakeem rí iṣẹ́ jẹ nínú bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n díẹ̀ kínún ni irú rẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gbá a. Ẹ̀kọ́ ni gbogbo ìrètí àwọn yòókù.

Gbèsè kejì ni ti ara. Ní ọdún 1974, Kent Waldrep, tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún TCU, ṣubú nínú eré pẹ̀lú Alabama, ọrùn rẹ̀ sì ṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè rìn mọ́. Nígbà tí ó béèrè owó tí òfin Texas fún òṣìṣẹ́ tí ó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ilé ẹjọ́ kan ní Texas sọ ní ọdún 2000 pé kì í ṣe òṣìṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni. Walter Byers, ẹni tí ó ṣe olórí NCAA láti 1951 di ọdún 1988, sọ nínú ìwé tí ó kọ ní 1995 pé àwọn ni àwọn hun orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ọmọ náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tún jẹ́ eléré, kí wọ́n má baà kà wọ́n sí òṣìṣẹ́ tí a gbọ́dọ̀ tọ́jú. Orúkọ tí a sọ ènìyàn kí á lè bọ́ nínú ẹrù rẹ̀, irú orúkọ wo nìyẹn?

Gbèsè kẹta ni owó. Ọdún 2009 ni Ed O'Bannon, tí ó ti gba ife fún UCLA ní 1995, pe NCAA lẹ́jọ́ nítorí pé ó rí àwòrán ara rẹ̀ nínú eré orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà, láìsí ẹni tí ó bi í. Ní 2014, adájọ́ gbè é. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 2021, gbogbo adájọ́ 9 ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pa ẹnu pọ̀ dá NCAA lẹ́bi nínú ẹjọ́ Alston. Ní oṣù keje ọdún náà, wọ́n gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gba owó lórí orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tí ó ní kí wọ́n san nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.8 dọ́là fún àwọn tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù kọjá, láàárín ọdún 10, kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan sì lè pín tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún àwọn eléré rẹ̀ ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026.

Inú wa dùn sí i. Ẹ̀sìn wa kọ́ wa pé kí á má fi owó alágbàṣe falẹ̀, ti àwọn wọ̀nyí sì ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe rò pé ẹni tí ó san gbèsè kẹta ti san èkíní àti èkejì. Ẹ̀rù tí ó ń bà wá ni pé kí yunifásítì má wá sọ fún ọmọ náà lọ́la pé, a ti sanwó fún ọ, kí ni o tún ń sọ̀rọ̀ kíláàsì sí? Owó kò lè ra ọdún mẹ́rin tí ènìyàn kò fi kàwé padà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Byron White fi tún yẹ ní gbígbọ́, bí a kò tilẹ̀ gbà pé kí wọ́n máa dáàbò bo ìwà mímọ́ eré pẹ̀lú àpò àwọn ọmọ nìkan.

Ìdáhùn wa, nígbà náà, sí ìbéèrè tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nìyí. Títa eré kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Yunifásítì ní ìpín, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní ìpín. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni pé kí á ta òógùn ẹnìkan, kí á fi iye tí a tà á pamọ́ sínú orúkọ dáradára, kí á sì má pè é síbi tí a ti ń pín in. Ohun tí ó yí padà fún Hakeem láàárín oṣù kẹrin àti ìparí ọdún 1984 kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ láti jókòó sídìí àdéhùn ara rẹ̀ ni ó yí padà.

Ẹ̀yin èwe wa tí ẹ ń wo ọ̀nà Amẹ́ríkà, a kò ní kí ẹ má lọ. Kí ẹ bi ẹni tí ó wá pè yín ní ìbéèrè mẹ́rin kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ta ni yóò tọ́jú mi bí ẹsẹ̀ mi bá kán? Ṣé ẹ̀kọ́ mi yóò máa bá a lọ bí n kò bá lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́? Iṣẹ́ wo ni àwọn tí wọ́n gbá a ṣáájú mi kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú rẹ̀? Kí ni fíìsà mi gbà mí láyè láti gba owó lé lórí? Ìbéèrè kẹrin yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé òfin fíìsà akẹ́kọ̀ọ́ dín iṣẹ́ owó tí àlejò lè ṣe kù, ohun tí ọmọ onílẹ̀ ń gbà ní gbangba sì lè di wàhálà fún àlejò. Ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń bi í.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ìlú Houston ni wọ́n ti gbá àṣekágbá ìdíje yìí. Adama Sanogo, ọmọ Mùsùlùmí láti ilẹ̀ Mali, wà nínú ẹgbẹ́ University of Connecticut, inú oṣù Ramadan sì ni. Ó ń gba ààwẹ̀ ní ọ̀sán, ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní alẹ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ fi 76 sí 59 borí San Diego State, òun ni wọ́n sì yàn ní ẹni tí ó ta yọ jùlọ. CBS fi eré náà han aráyé, wọ́n sì ti sanwó rẹ̀ fún NCAA. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ra ààwẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ìkànnì kankan tí ó lè tà á. Ẹ lọ fi ara yín ṣeré, ẹ gba ohun tí ó tọ́ sí yín lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ èyí tí kì í ṣe títà nínú ara yín kí ẹ tó dé ọjà.